Ìyá Ẹ̀sìẹ́ àti Àbẹ́là Inú Ìgò

Níbi ìsìnkú ìyá bàbá mi, ẹnì kan dìde, ó ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni olóògbé, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀. Mo wo ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀. Díẹ̀ ló kù ká bú sẹ́rìn-ín níbi tí àwọn èèyàn ti ń sunkún. Ìyá Ẹ̀sìẹ́ kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó bá ṣọ́ọ̀ṣì jà, ó bá baálé jà, ó bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà, ó sì bá ìyá mi jà débi pé ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Bí a bá ní ká máa rántí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí òun fúnra rẹ̀, kí a má lọ máa rántí ẹlòmíràn.

Ẹ̀sìẹ́ ni wọ́n bí i sí, Òmù-Àrán ló lọ́kọ sí, ni gbogbo agbo ilé bá ń pè é ní Ìyá Ẹ̀sìẹ́. Àwa ọmọ ọmọ ń pè é ní Màmá. Òrí ló ń ṣe tà, inú òrí ló sì ti bọ́ sí àbẹ́là. Òrí nìkan rọ̀ jù, kò lè dá dúró bí àbẹ́là òyìnbó. Nítorí náà á yọ́ ìda oyin mọ́ ọn, á dà á sínú ohunkóhun tó bá ní ìdí, á wá ki òwú tó fọwọ́ ran sí i láàárín. Àwo amọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ife tánganran, ó kan agolo mílíìkì, ó sì kan ìgò jáàmù, èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ní àṣà kan tó máa ń pa àwọn aládùúgbò lẹ́rìn-ín. Bí ìgò tàbí agolo tí kò lò rí bá dé ọwọ́ rẹ̀, kò ní fi àbẹ́là inú rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ títí yóò fi dán an wò. Ọ̀sán gangan ló máa ń tan án, láàárín àgbàlá, lórí yanrìn. Á fa àpótí ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa wò ó títí yóò fi jó dé ìdí. Ó ń wò bóyá ìgò á sán, bóyá ara agolo á gbóná jù fún ọwọ́ ọmọdé, bóyá òwú á rì sínú epo kí iná sì kú. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Ìyá, ṣé oòrùn ò tó yín ni?" Kì í dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í pa á ní ìdajì, nígbà tó ti hàn pé ó dára. Ó pe oríkì mi, ó ní, "Àjọkẹ́, ohun tí o kò bá tíì rí ìdí rẹ̀, má fi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló fi bá ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì jà nígbà òmìnira. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé àbẹ́là yí ìlú ká ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kó agolo wá bá a nígbà tí ọjọ́ ti lọ tán, wọ́n ní kó kàn bá wọn da òrí sí i. Màmá ní òun kò tíì dán irú agolo yẹn wò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n bínú, wọ́n ní ṣé ó mọ̀ pé gbogbo Nàìjíríà ló ń gba òmìnira lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ilé tirẹ̀ nìkan. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ẹ ti ń dúró de òyìnbó láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ dúró de èmi náà di ọ̀la."

Bí ó ti le mọ́ ìgò àti agolo tó yìí, kò dán òrí tirẹ̀ wò rí. Kò rí ìdí tí òun á fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti se òrí mọ̀ pé ariwo wà nínú ìkòkò níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀. Á máa ta, á máa kùn. Ìgbà tí ìkòkò bá dákẹ́ ni omi tán, òrí ti jinná nìyẹn. Àwọn mìíràn máa ń ro ó, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀. Màmá kì í wo nǹkan kan. Á kọ ẹ̀yìn sí ààrò, á máa ran òwú lórí itan rẹ̀, etí ló fi ń se òrí. Bí ìkòkò bá dákẹ́, á dìde, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Òrí kì í purọ́. Tó bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán nìyẹn."

Láàárín òun àti ìyá mi, n ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ọmọ Ìgbàjà ni ìyá mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í gbé ohùn sókè. Màmá máa ń bá a wí lórí ìyẹ̀fun, lórí omi, lórí bó ṣe ń so gèlè. Òun ni ìyá mi sì máa ń kọ́kọ́ wá kí láàárọ̀, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú omi gbígbóná lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀ tí àwọn ọ̀gá ìjọba wọ́ lọ sí Ìlọrin, àbúrò ìyá mi kan ń ṣiṣẹ́ nílé ọ̀kan nínú wọn, ó sì ń kó òfìfo ìgò jáàmù pamọ́ fún wa. Ìyá mi gbé ìgò àkọ́kọ́ dé, ó dán gbinrin. Màmá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ta ló mọ inú nǹkan báyìí. Ìyá mi ní, "Màmá, inú rẹ̀ náà la ń wò yìí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ó dán ìgò náà wò, ìgò náà yege. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn yí ká, kò dà bíi ti agolo tó ń tan òkè nìkan. Ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, kẹrosíìnì ń ṣọ̀wọ́n, àwọn èèyàn sì ń wá láti Bàbáńlá torí àbẹ́là inú ìgò. Mo ti di olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ni mo fi ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò.

Láàárín ìgbà yẹn ni ìbínú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í peléke. Ó ní gbogbo ayé ti ń kùn sínú bí ẹni tó jí nǹkan jẹ. Ó lọ bá oníwàásù lẹ́yìn ìsìn, ó ní tí Ọlọ́run bá fún un ní ọ̀rọ̀, kí ó sọ ọ́ síta. Ó ní àwa olùkọ́ òde òní kò kọ́ ọmọ láti la ẹnu. A kà á sí ọjọ́ ogbó. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, a sì ń sọ̀rọ̀ sókè níwájú rẹ̀ kó má baà bú wa.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni nǹkan bàjẹ́. Ojú ọ̀run ṣú dùdù, àwọn akọrin sì tan àbẹ́là wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè rí ìwé orin. Rúùtù, ọmọ Bàbá Jòsáyà tó jẹ́ baálé agbo ilé wa, ló gbé ọ̀kan dání. Ó ku díẹ̀ kó lọ sílé ọkọ. Bí iná ṣe jó dé ìsàlẹ̀, àbẹ́là náà ta, ìgò sán, epo gbígbóná dà sí i lọ́rùn àti lápá. A gbọ́ igbe rẹ̀ dé ilé. Nígbà tí wọ́n gbé e ti ilé ìwòsàn dé, aṣọ funfun ni wọ́n fi dì í láti etí dé èjìká, àwọn àna rẹ̀ sì ti ń béèrè irú ilé tí wọ́n ti fẹ́ mú ìyàwó.

Bàbá Jòsáyà pe gbogbo ilé jọ. Kí ó tó jókòó dáadáa ni Màmá ti sọ̀rọ̀. Ó ní ìgò ni. Ó ní ìgò tí òun kọ́kọ́ dán wò dára, àmọ́ èyí tí wọ́n kó dé kẹ́yìn kò dára, gíláàsì rẹ̀ fẹ́lẹ́. Wọ́n béèrè ẹni tó kó o dé. Kò pọndandan kí wọ́n béèrè, ojú gbogbo wọn ti wà lára ìyá mi. Ẹnì kan ní ó ti pẹ́ tí ìyàwó yìí ti ń fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní àfi bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Bàbá mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo dúró de ìyá mi kí ó sọ̀rọ̀, mo dúró títí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Jòsáyà dájọ́ pé kí ìyá mi lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìgbàjà ná. Wọ́n á dán àbẹ́là wò níwájú gbogbo ilé. Bí ó bá jẹ́ pé ìgò ló jẹ̀bi lóòótọ́, kí ó má padà wá mọ́. Ìyá mi ti lò ju ogún ọdún lọ nílé yẹn. Mo bá a di ẹrù, ó ń ká aṣọ bí ẹni tí kò kánjú. Láti ọjọ́ náà, òòró ni mo fi ń kí Màmá, n kò kúnlẹ̀. Ó rí i, kò sì bá mi wí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, mo sì bínú sí i débi pé n kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìdánwò kò ní afẹ́fẹ́ rárá. Wọ́n tẹ́ yanrìn sáàárín àgbàlá, gbogbo ilé jókòó yí i ká, Rúùtù náà jókòó pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Màmá gbé òrí jáde, láti inú ìkòkò kan náà tó ti bu ti àbẹ́là Rúùtù. Ó yọ́ ọ pẹ̀lú ìda, ó sì bù ú sínú ìgò kan lára èyí tí wọ́n kó dé kẹ́yìn, agolo kan, ife tánganran kan àti àwo amọ̀ kan. Ó ṣe é fẹ́lẹ́ kó má baà pẹ́ dé ìdí. Ó wá sọ fún wọn ní gbangba pé, "Bí ìgò bá fọ́ tí amọ̀ dúró, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi."

Ó tan gbogbo wọn. A jókòó. Oòrùn mú débi pé a kò rí iná gan-an, àfi bí òwú ṣe ń dúdú sísàlẹ̀. Ojú mi kò kúrò lára ìgò. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má fọ́. Epo lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ariwo bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe inú ìgò ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwo amọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo, tà-tà-tà, bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Ife tánganran gbà á, agolo gbà á, ìgò gbà á. Gbogbo àgbàlá gbọ́ ọ. Bàbá Jòsáyà wo bàbá mi. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Gbogbo ẹni tó ti se òrí rí níbẹ̀ mọ ariwo yẹn. Omi ló wà nínú òrí, omi tó yẹ kó ti gbẹ nínú ìkòkò, tó wá rì sí ìdí.

Màmá nìkan ló jókòó jẹ́jẹ́. Ó na ìka sí àwo amọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó ní, "Ẹ rí i? Ẹ rí i bó ṣe dákẹ́?"

Gbogbo bó ṣe ń bú wa pé a ń kùn sínú, gbogbo bó ṣe bá oníwàásù wí, ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Epo ta láti inú amọ̀, ó bà á ní ọrùn ọwọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè, ó wo ojú wa kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí sún mọ́ àwo náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé gèlè rẹ̀ á gbiná. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó bi mí pé, "Àjọkẹ́, ṣé ó ń pariwo?"

Mo ní, "Ó ń pariwo, Màmá."

"Ti amọ̀ náà?"

"Gbogbo wọn ni."

Bàbá Jòsáyà fẹ́ bá a bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ pé amọ̀ yẹn kò gbẹ tán, ó lè jẹ́ atẹ́gùn, pé kò sí ohun tí atẹ́gùn kò lè fi àbẹ́là ṣe. Àwọn àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ewé kan tó mì nínú àgbàlá. Bí Màmá bá dákẹ́, ó ti bọ́ nìyẹn, ìyá mi á sì jókòó sí Ìgbàjà.

Màmá ní, "Bàbá Jòsáyà, ẹ má fún mi ní atẹ́gùn." Ó dìde dúró. Ó ní, "Ìgò kò ṣẹ̀. Etí mi ló ti di. Ó ti pẹ́ tó ti ń di, mo sì ń fi pamọ́, torí ta ni yóò ra òrí lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ ìkòkò? Mo sọ̀kò sọ́jà, ará ilé mi ni mo sọ ọ́ bá." Ó lọ bá Rúùtù níbi tó jókòó sí, ó dì í mú ní ọwọ́ tí iná kò dé, ó ní, "Èmi ni mo jó ọ, ọmọ mi. Èmi ni kí o sọ fún àwọn àna rẹ." Rúùtù ń sunkún. Èmi náà ń sunkún. Ìgò náà jó dé ìdí lórí yanrìn níbẹ̀, kò fọ́.

Ní àṣà ilé wa, bí ìyàwó bá lọ, àwọn ọkùnrin ilé àti àwọn ìyàwó kékeré ló ń lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ kì í lọ. Bàbá Jòsáyà ti yan àwọn tó máa lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá ní kí wọ́n jókòó, pé ẹnu tó lé e jáde náà ló máa pè é wọlé. Èmi nìkan ló mú dání. A wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìgbàjà.

Bàbá ìyá mi gbé àga fún un. Kò jókòó. Nígbà tí ìyá mi jáde láti inú yàrá, Màmá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ìyá ọkọ níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì tẹ orí ba. Bàbá ìyá mi pariwo pé rárá, pé èèwọ̀ ni, kí àgbà má fi èyí ṣe wọ́n. Ìyá mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Màmá kò dìde. Ìyá mi tún un sọ. Kò dìde.

Ìyá mi bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ó lè rí ẹnu òun, ó wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. "Màmá, ẹ dìde."

Màmá tẹjú mọ́ ẹnu yẹn. Ó ní, "O mọ̀."

Ìyá mi ní, "Mo mọ̀. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni. Ẹ máa ń sọ ìkòkò kalẹ̀ nígbà tó ṣì ń pariwo. Tí ẹ bá ti wọlé, mo máa ń gbé e padà síná títí á fi dákẹ́. Ti ìkòkò tó jó Rúùtù yẹn nìkan ni n ò bá, torí mo lọ kó ìgò ní Ìlọrin."

N ò mọ ẹni tí mo lè wò nínú àwọn méjèèjì. Màmá ní, "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ níwájú wọn? Kí ló dé tí o jẹ́ kí n lé ọ?"

Ìyá mi ní, "Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín."

Màmá jókòó sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Mo pẹ́."

Ìyá mi ní, "Ẹ pẹ́, Màmá." Ó dìde, ó sì wọlé lọ gbé àpótí rẹ̀.